Ààrò Tó Ń Sáré

Ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Ẹni tó pa òwe yìí kò tíì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Mushin lọ́jọ́ òjò.

N kò bá àgbà jiyàn o. Gbé ìkòkò ka orí òkúta mẹ́ta, bó ti wù kí ilẹ̀ rí gbágungbàgun tó, kò ní mì. Gbé tábìlì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin síbẹ̀, wàá fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé ọmọ rẹ kó o tó rí ohun tí wàá ká sábẹ́ ẹsẹ̀ kan. Àgbà rí i kó tó wí i. Ṣùgbọ́n ààrò tí àgbà ń wí, ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n gbìn ín sí ló wà láti òwúrọ̀ dalẹ́. Kì í yà ní kọ́nà. Kì í bá dánfó du èrò.

Àwa la wá fún ààrò ní ẹ́ńjìnnì. Ilé iṣẹ́ Piaggio ní Ítálì ti ṣe irú rẹ̀ láti 1948, àwọn ará Íńdíà tẹ̀ lé e, títí tí Bajaj fi dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí ọ̀gágun Buba Marwa ń ṣèjọba Èkó, láàárín 1996 sí 1999, ni kẹ̀kẹ́ yìí gbòde, ló bá jogún orúkọ rẹ̀. Nígbà tó di 2001, ìjọba Ọbásanjọ́ dá NAPEP sílẹ̀ láti gbógun ti òṣì, kẹ̀kẹ́ tún gba orúkọ kejì. Òṣì náà ò kúkú lọ síbì kan. Ó kàn ń wọ kẹ̀kẹ́ báyìí ni.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa nìkan ló ń ṣe é. Àwọn òyìnbó Britain bẹ̀rẹ̀ sí í ta Reliant Robin ní 1973, mọ́tò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹyọ kan níwájú. Ìwé àṣẹ alùpùpù tó láti wà á. Lásìkò òtútù, bí yìnyín bá bo títì, táyà àwọn mọ́tò yòókù á la ipa méjì, ọ̀tún àti òsì. Ẹsẹ̀ iwájú Robin kò sí nínú èyíkéyìí. Àárín gbùngbùn ló ń gbà, níbi tí yìnyín ti ga jù. Àwa ò ní yìnyín, a ní kọ́tọ̀. Oní-Camry á jẹ́ kí kọ́tọ̀ bọ́ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, á kọjá lọ. Oníkẹ̀kẹ́ ò ní àárín. Èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá yẹ̀ fún, ti iwájú á bá a.

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kẹfà, mo wọ kẹ̀kẹ́ ní Ojúwòyè, ó ń lọ sí Ìtìrẹ́. Àwa mẹ́ta la wà lẹ́yìn: èmi, ọmọkùnrin kan, àti ìyá kan tó gbé kúlà ẹ̀fọ́ rírò lé itan, tó ń lọ síbi ìnáwó. Ẹnì kan tún fi ìdí kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Òjò dé. Dírẹ́bà tú tapólì sílẹ̀. Wáípà ti kú, ó wá ń na ọwọ́ síta, ó ń fi àkísà nu gíláàsì, ó sì ń fi ọwọ́ kejì darí ẹ̀mí wa.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ní Sùúrùlérè, Yaba àti Ìtìrẹ́. Mushin kò sí lára àwọn tí wọ́n dárúkọ. Ààlà òfin wà lójú ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ò rí i, omi náà ò sì rí i. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ti dí gọ́tà pa, títì ti dọ̀sà. Jíìpù ńlá kan dé ibẹ̀, ó wò ó, ó fi ẹ̀yìn rìn padà.

"Ọmọ mi, ṣé kẹ̀kẹ́ yìí á la omi yìí?"

"Màmá, ojú tó ti rí òkun, ṣé ọ̀sà ló máa bà á lẹ́rù?"

"Òkun wo lo rí rí?" Ọmọkùnrin yẹn ló bi í.

Ibi tí ìtìjú mi wà nìyí. Mo ti pẹ́. Bí ìyá náà bá sọ̀ kalẹ̀, dírẹ́bà á dúró wá èrò mìíràn. Mo wo kúlà rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín alákọ̀wé, mo ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣebí ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó jókòó.

Omi dé ibi ìgbẹ́sẹ̀lé. Ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́, lẹ́yìn ló wà, nísàlẹ̀, bí ẹni tó jókòó de omi. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Dírẹ́bà tẹ bíréèkì, bíréèkì ti mumi yó, kò mú. Táyà iwájú rí ẹnu gọ́tà, ó wọlé. Kẹ̀kẹ́ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ jẹ́ẹ́, bí àgbà tó fẹ́ sùn.

Nígbà tá a fi jáde, ẹ̀fọ́ ti wà lára ṣòkòtò funfun mi títí dé orúnkún, epo pupa sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ lórí omi. Dírẹ́bà dúró nínú omi, ó ní kí ẹni tí kò tíì sanwó jọ̀ọ́ sanwó. Ìyá náà kò wo ojú rẹ̀ rárá. Ó gbọn kúlà tó ṣófo lẹ́ẹ̀kan, ó kọjú sí mi.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún òwe yẹn pa kí n gbọ́."