Ìlú Orí Òkè Tí Kò Ní Ọ̀kadà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín nílé pé kò sí wàhálà ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ẹ bi í bóyá ó ní mọ́tò tirẹ̀. Ẹni tó ní mọ́tò kò lè mọ̀. Orílẹ̀-èdè tó gbé ènìyàn lọ sórí òṣùpá lọ́dún 1969 yìí, bí o bá wà níbẹ̀ láìní mọ́tò, ìlú kékeré tí kò ju ìrìn mọ́tò wákàtí kan àtààbọ̀ lọ lè dà bí ọ̀run mọ́ ọ lọ́wọ́: gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ síbẹ̀.

Lójú tèmi tí mo ti pẹ́ ní Maryland, ọ̀rọ̀ ilé àti òkè òkun kò le rárá. Nílé, ọkọ̀ ló ń dúró de èrò. Níbí, èrò ló ń dúró de ọkọ̀. Ní gáréèjì Láfẹ́nwá l'Ábẹ́òkúta, ọkọ̀ kì í gbéra àfi tó bá kún. Agbèrò á máa pariwo pé ó ku ẹnì kan, nígbà tó jẹ́ pé ìwọ, dírẹ́bà àti adìyẹ kan lẹ wà nínú ọkọ̀. Níbí, aago ni agbèrò. Bí aago bá ti lù, ọkọ̀ á gbé àga òfìfo lọ, á fi ọ́ sílẹ̀ létí títì níbi tí o ti ń sáré bọ̀, tí ò ń juwọ́. Dírẹ́bà rí ọ o. Á tiẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti hàn jù ni Harpers Ferry, ní West Virginia, nǹkan bí 60 máìlì sí Washington. Odò Potomac àti odò Shenandoah pàdé níbẹ̀, wọ́n sì jùmọ̀ la òkè Blue Ridge kọjá. Orí ilẹ̀ ṣóńṣó tó wà láàárín odò méjèèjì ni ìlú náà wà, ilé olókùúta ń to tẹ̀lé ara wọn gun òkè. Ìkànìyàn ọdún 2020 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò tó 300. Agboolé kan ní Ìtòkú lè ju bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ìkómọ. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín ni pé iṣẹ́ ọkọ̀ èrò ló sọ ibẹ̀ di ìlú. Lọ́dún 1747 ni Robert Harper gba ibẹ̀, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó arìnrìn-àjò sọdá odò, ó sì ń gbowó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìlú tí wọ́n fi orúkọ ọlọ́kọ̀ èrò sọ ni o. Ẹ wá wo bí ojú èrò ṣe ń rí màbo kó tó débẹ̀ lónìí.

Reluwé wà, kí n má parọ́. Ìsàlẹ̀ ìlú gan-an ni ibùdókọ̀ rẹ̀ wà, ó sì rẹwà. Ṣùgbọ́n reluwé àwọn òṣìṣẹ́, ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì nìkan ló ń rìn: láàárọ̀, á kó wọn lọ sí Washington, nírọ̀lẹ́, á kó wọn padà wálé. Ìwọ tó ń ti Washington bọ̀ wá ṣe fàájì, ìrọ̀lẹ́ lo máa débẹ̀, àárọ̀ ọjọ́ kejì lo sì máa tó rí èyí tó máa gbé ọ padà. Ní Sátidé àti Sọ́ńdè tí àyè gba ènìyàn, kò wá rárá. Reluwé kejì, èyí tó ń ná Chicago, ẹ̀ẹ̀kan ló ń lọ lóòjọ́, ẹ̀ẹ̀kan ló ń bọ̀. Mo ń ṣàlàyé gbogbo èyí fún ìyá ìyàwó mi, tó wá kí wa láti Abẹ́òkúta. Àdìrẹ ni wọ́n ń tà ní Ìtòkú, wọn kì í sì í ra ọjà tí wọn ò yẹ̀ wò. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Bàbá Ìbejì, àṣé èrò ló ń gbé reluwé yín kiri."

Mọ́tò la gbé lọ. Nígbà tí a sì débẹ̀, wọ́n ní kí a fi mọ́tò sílẹ̀. Títì ìsàlẹ̀ ìlú dín, òkè wà lápá kan, omi wà lápá kejì, àyè ìgbọ́kọ̀sí ò tó nǹkan. Ìjọba àpapọ̀, tó ti ń tọ́jú ibẹ̀ fún ìtàn láti ọdún 1944, wá ṣe ibùdó mọ́tò sórí òkè, ní nǹkan bí máìlì méjì sí ìsàlẹ̀ ìlú, bọ́ọ̀sì ló sì ń kó èrò sọ̀kalẹ̀.

Màmá wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n jókòó sẹ́yìn dírẹ́bà. Gbogbo àwa tí a wà nínú ọkọ̀ náà kò pọ̀. Dírẹ́bà wo aago, ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ ilẹ̀kùn.

"Bàbá Ìbejì, kí ló ń lé e?"

"Màmá, àsìkò ti tó ni."

"Ṣé àsìkò ló máa sanwó epo?"

Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ni wọ́n ti rí ìdílé kan tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, bàbá gbé ọmọ kọ́rùn, ìyá ń fa òmíràn lọ́wọ́. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Màmá ti dìde, wọ́n ti dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n fi ìdí ti ilẹ̀kùn tó fẹ́ pa dé. "Ẹ máa bọ̀ o! Ẹ sáré díẹ̀! Ẹ̀yin ló kù, ẹ wọlé ká lọ!" Ìdílé náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n kò sí èdè tí ohùn agbèrò kì í yé. Wọ́n sáré. Dírẹ́bà ní sùúrù lójijì, bóyá ìfẹ́ ni, bóyá ìbẹ̀rù. Màmá kà wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n gba ọmọ kékeré lọ́rùn bàbá rẹ̀ gbé e lẹ́sẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n sì rọra bi mí létí pé èló ni dírẹ́bà máa ń fún ẹni tó bá bá a pe èrò.

Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ rí ni àmì tí wọ́n kọ sára ògiri ilé kan, ọdún lórí ọdún, láti fi hàn ibi tí omi ga dé. Odò méjì tó ń du ọ̀nà tóóró kan ṣoṣo kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹni tó kọ́lé sétí wọn. Ti ọdún 1936 ló ga jù, ẹsẹ̀ bàtà 36 àtààbọ̀. Màmá gbé orí sókè wò ó, gèlè fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́. Wọ́n ní nígbà tí Ògùnpa ya wọ Ìbàdàn lọ́dún 1980, kò sẹ́ni tó rántí kọ nǹkan kan sára ògiri. Ẹnu àwọn tí omi gbé ẹrù wọn lọ ni àmì wà, ó sì ń ga sí i lọ́dọọdún.

Nítòsí ibẹ̀ ni arìnrìn-àjò tó ju gbogbo wa lọ wà, ilé sì ni. Lóru ọjọ́ 16 oṣù October, ọdún 1859, John Brown, Òyìnbó tó kórìíra òwò ẹrú dénú eegun, kó ọmọ ẹ̀yìn 21 jọ láti gba ilé ìkóhun-ìjà ìjọba tó wà nínú ìlú yìí, kí àwọn ẹrú lè rí ohun ìjà gba ara wọn sílẹ̀. Adúláwọ̀ ni márùn-ún nínú wọn. Wọ́n dá reluwé kan dúró lóru náà, wọ́n tún ní kó máa lọ. Reluwé yẹn ló gbé ìròyìn wọn dé etí ìjọba. Ẹ ò rí i pé ó ní ọkọ̀ tó yẹ kó dúró? Ilé kékeré tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ ìpaná sí ni Brown fara pamọ́ sí títí wọ́n fi mú un, wọ́n sì yẹgi fún un ní ọjọ́ kejì oṣù December. Ilé náà wá bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò. Wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí Chicago fún àfihàn àgbáyé ọdún 1893. Wọ́n gbé e padà wá sóko kan nítòsí lọ́dún 1895. Lọ́dún 1909, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lórí òkè gbé e sínú ọgbà rẹ̀. Lọ́dún 1968, wọ́n tún gbé e sọ̀kalẹ̀ wá sítòsí ibi tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí pé ilẹ̀ tí wọ́n kó jọ fún ojú irin reluwé ti bo ojúlé rẹ̀ gan-an mọ́lẹ̀. Màmá fọwọ́ kan bíríkì rẹ̀. "Bíríkì lásán-làsàn rí ọkọ̀ wọ̀ ní ìlú yìí."

Ó wá ku òkè. Bọ́ọ̀dù ni ìlú náà fi ń júwe ọ̀nà, bọ́ọ̀dù náà kì í sì í parọ́: yóò sọ ìdá máìlì tó kù fún ọ. Ohun tí kò ní sọ ni pé ìdá máìlì náà dúró ṣánṣán bí àkàbà. Nílé, ẹni tí o bá bi léèrè á ní, "Kò jìnnà, ẹ ṣáà máa lọ," wákàtí kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá rí i pé àgbàlagbà ni ọ́, á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ, á sìn ọ́ débẹ̀. Àwa tí a ti pẹ́ níbí, bọ́ọ̀dù àti fóònù là ń bi. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì sì máa ń ṣe ségesège láàárín àwọn òkè yẹn. Màmá kò wo bọ́ọ̀dù kankan. Òyìnbó kan tó ń fa ajá lọ ni wọ́n kí, wọ́n bi í ní ilé, wọ́n bi í ní ọ̀nà, wọ́n bi í ní ajá. Ọkùnrin náà yí ẹsẹ̀ padà, òun àti ajá rẹ̀ sìn wá dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Ó jọ pé wọn ò ṣahun níbí. Ẹni tó máa bi wọ́n ni kò sí.

Inú àpáta gan-an ni wọ́n ti gbẹ́ àtẹ̀gùn náà, ẹsẹ̀ àwọn tó ti gbà á kọjá láti nǹkan bí igba ọdún sì ti jẹ ẹ́ kúrò lọ́gbọọgba. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan, ó sì gbé wa lọ sí Àpáta Jefferson. Thomas Jefferson dé ibẹ̀ lọ́dún 1783, kó tó di ààrẹ, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ohun tí ojú òun rí níbẹ̀ tó ohun tí ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ sọdá òkun Àtìláńtíìkì. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n mí díẹ̀ ná.

"Òkun wo?"

"Èyí tí ẹ sọdá wá yìí."

"Ṣé ó san owó físà?"

Ìran náà dára, wọ́n gbà. Odò méjì ń dán nísàlẹ̀, afárá reluwé ń wọ inú òkè lọ. Ṣùgbọ́n àpáta ọ̀hún ni kò tẹ́ wọn lọ́rùn. Òkúta pẹlẹbẹ kan ni, òpó kékeré mẹ́rin ló gbé e dúró, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́. Ọmọ Ẹ̀gbá tí baba ńlá rẹ̀ sá sábẹ́ àpáta Olúmọ lásìkò ogun, ẹ wá ń fi èyí hàn án! Wọ́n wò yíká, wọ́n béèrè ibi tí ẹ̀rọ agbéniròkè wà, nítorí Olúmọ ní tirẹ̀. Mo ní kò sí. Wọ́n ní àwọn rò pé Amẹ́ríkà la wà.

Lẹ́bàá ibẹ̀ la ti pàdé àwọn tó ru ẹrù. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ Appalachian, tó bẹ̀rẹ̀ ní Georgia tó sì parí sí Maine, gba inú ìlú yìí kọjá. Ó lé ní 2,190 máìlì, àwọn kan sì wà tó ń fi oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà rin gbogbo rẹ̀. Ọmọkùnrin kan jókòó sórí òkúta, irùngbọ̀n rẹ̀ ti di igbó, ó fi tépù we bàtà rẹ̀ kó má baà ya tán.

"Ta ló lé e nílé?"

"Kò sẹ́ni tó lé e, Màmá. Fàájì ni."

"Fàájì kọ́. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun."

Wọ́n ti ṣí kúlà kí n tó bi í. Ẹ̀rù bà mí díẹ̀, nítorí níbí ènìyàn kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Mo gbàgbé pé ọ̀nà yẹn ní òfin tirẹ̀: aráàlú máa ń fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ yìí lóúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn náà kì í sì í ṣa oúnjẹ jẹ. Ọmọ náà gba pọ́fù-pọ́fù, kò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ó jẹ ẹ́ títí ike fi ku òróró nìkan. Màmá jókòó tì í, wọ́n ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọmọ rẹ̀ tó sọnù. Kí a tó lọ, wọ́n ní kí n sọ fún un pé kó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, kó má sì sọ fún un pé òun rí ẹni tó rò pé wọ́n lé òun nílé.

Ibẹ̀ ni orúnkún Màmá ti kọ̀. Wọ́n ní ó tó, kí a padà sísàlẹ̀. Mo ní ó ku ibì kan lókè, ọgbà Storer College, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn adúláwọ̀ lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé Amẹ́ríkà, tó sì ti kógbá sílé lọ́dún 1955. Ibẹ̀ ni Nnamdi Azikiwe wọlé sí nígbà tó dé láti ilé lọ́dún 1925, kó tó kọjá lọ sí Howard àti Lincoln. Àní ilé John Brown wà nínú ọgbà wọn lásìkò náà.

"Zik? Zik tiwa?"

"Zik, Màmá."

Wọ́n tún ìró wọn ró. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ ń dùn ló ṣíwájú mi gun òkè náà, wọ́n ń sọ fún mi lójú ọ̀nà pé ọmọ tó fi irú òkè yìí bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà, kò sí Gẹ̀ẹ́sì tó máa bà á lẹ́rù mọ́.

Ìyà gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá délẹ̀. A wà lórí òkè. Mọ́tò wa wà lórí òkè. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ti ń gbé èrò. Èyí túmọ̀ sí pé a máa fẹsẹ̀ sọ̀kalẹ̀ dé etí omi, kí bọ́ọ̀sì lè tún gbé wa padà gun òkè. Màmá dúró láàárín títì, wọ́n wo apá ọ̀tún, wọ́n wo apá òsì, wọ́n ní, "Ẹ pe ọ̀kadà."

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Nílé, a ti kọ́ aago. Reluwé Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí lọ́dún 2021 ní aago tirẹ̀, èrò ló sì ń dúró dè é. Ibùdókọ̀ rẹ̀ l'Ábẹ́òkúta, èyí tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè, jìnnà díẹ̀ sí àárín ìlú, ṣùgbọ́n bí o bá ti yọ ẹsẹ̀ kan síta, àwọn tó fẹ́ gbé ọ dé ẹnu ọ̀nà ilé ti ń bá ara wọn jà lórí báàgì rẹ. Ibi tí aago parí sí ni ọ̀kadà ti ń bẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà ní aago, kò ní ẹni tó ń dúró lẹ́nu géètì.

Bí wọ́n bá fi í lé mi lọ́wọ́, ọlọ́kadà mẹ́ta péré ni mo máa fi ránṣẹ́ sí Harpers Ferry láti Láfẹ́nwá. Ìṣòro òkè máa tán lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí oṣù tó parí, wọ́n á ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀: ọ̀kan á di alága, ọ̀kan á di akápò, ẹnì kẹta á sì máa já tíkẹ́ẹ̀tì fún àwọn méjèèjì.