Ẹrù Ẹ̀gbin Tí Wọ́n Dì Ru Faransé

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo. Bí ọmọdé bá wà nítòsí, ẹ rán an níṣẹ́ kó lọ wo iná lẹ́yìn ilé.

Ẹ mọ rọ́bà tí àwọn ọkùnrin máa ń rà ní ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì, tí wọn yóò kọ́kọ́ ra oògùn orí fífọ́ ná kí wọ́n tó fi ohùn ìsàlẹ̀ béèrè rẹ̀? Ojú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti dárúkọ rẹ̀, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní "lẹ́tà Faransé". Ẹ wá sọdá omi tóóró tó wà láàárín ilẹ̀ méjèèjì, ẹ bi àwọn Faransé pé kí ni wọ́n ń pe tiwọn. "Capote anglaise" ni, ìyẹn ẹ̀wù àwọ̀lékè Gẹ̀ẹ́sì. Háà! Ohun kan ṣoṣo, oníkálukú lọ gbé e sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò rẹ̀, ó wá ń wòkè bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹni tó bá yọ́ kúrò níbi àríyá láìdágbére fún onínàáwó. Gẹ̀ẹ́sì ní ó lọ bíi Faransé; Faransé ní ó sá lọ bíi Gẹ̀ẹ́sì. (Lọ́dọ̀ tiwa, a mọ̀ pé ẹni náà ti di jọ̀lọ́ọ̀fù sínú ọ̀rá ná.) Bí èébú bá sì já bọ́ lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, tí ó bú ìyá ènìyàn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, yóò ní kí ẹ má bínú sí Faransé òun. Kí ni Faransé ṣe níbẹ̀?

Èyí tó tiẹ̀ mú mi fọwọ́ bo ẹnu ni ti àrùn. Ní 1495, Charles Kẹjọ, ọba Faransé, kó ogun wọ Naples ní ilẹ̀ Ítálì. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ jẹ, wọ́n mu, wọ́n ṣe ohun tí ọmọ ogun ń ṣe nílùú onílùú, ibẹ̀ sì ni àrùn syphilis ti bú jáde tí gbogbo Yúróòpù fi gbọ́. Ítálì ní àrùn Faransé ni. Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì gbè é. Faransé ní irọ́ ni o, àrùn Naples ni. Àwọn ará Rọ́ṣíà ní ọ̀dọ̀ àwọn ará Póláǹdì ló ti wá, àwọn ará Póláǹdì nàka sí Jámánì, àwọn Tọ́kì ní tiwọn kò tiẹ̀ yọ ẹnì kankan sílẹ̀: wọ́n ní àrùn àwọn Kìrìsìtẹ́nì ni. Ní 1530, dókítà ará Ítálì kan tó ń jẹ́ Fracastoro kọ ewì gígùn lé e lórí. Inú ewì náà ni orúkọ syphilis ti wá, ṣùgbọ́n kò gbàgbé láti ki "àrùn Faransé" bọ inú àkọlé. Gbogbo àgbègbè ló ní in, kò sì sí ẹni tó sọ pé, "Èmi ni mo gbé e wọlé."

Àwọn Bẹ́ljíọ̀mù náà kò gbẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí Faransé ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọpọlọ wọn kò pé, àwọn náà sì ti ní tiwọn. Wọ́n ní bí Faransé bá fẹ́ yìnbọn pa ara rẹ̀, kì í yìn ín sórí. Òkè orí ló ń yìn ín sí, níbi tí ìgbéraga rẹ̀ wà. Wọ́n tún ní, kí ló dé tí Faransé fi mú àkùkọ ṣe àmì ilẹ̀ rẹ̀? Nítorí òun nìkan ni ẹyẹ tó lè tẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú ìgbẹ́ kó sì tún máa kọrin. Mo gbọ́ pé Coluche, aláwàdà ọmọ Faransé fúnra rẹ̀, máa ń pa èyí. Ó tú aṣọ ìyá rẹ̀ lójú ọjà! Àti pé nígbà tí Ọlọ́run dá ilẹ̀ Faransé, tí Ó fún un ní òkè, ó fún un ní òkun, ó fún un ní wáìnì, àwọn aládùúgbò fẹjọ́ sùn pé ojúsàájú ti pọ̀ jù. Ọlọ́run ní kí wọ́n mú sùúrù; ló bá dá àwọn Faransé sí i. Èyí pa mí lẹ́rìn-ín, mo jẹ́wọ́.

Ní ti oúnjẹ, mo fẹ́ rọra sọ̀rọ̀. Gẹ̀ẹ́sì ń pe Faransé ní ọ̀pọ̀lọ́ nítorí pé wọ́n ń jẹ itan kọ̀ǹkọ̀. Ó dáa. Ní 2013, àwọn awalẹ̀pìtàn ń walẹ̀ ní Blick Mead, níbi tí kò jìnnà sí Stonehenge, ni wọ́n bá kan egungun ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tí iná ti jó, ìyókù oúnjẹ àwọn tó gbé ibẹ̀ ní ohun tó lé ní 8,000 ọdún sẹ́yìn. Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì! Ìtìjú ńlá nìyẹn, wọ́n kàn ti gbàgbé ni. Ní ti ìgbín tí wọ́n tún fi ń ṣẹ̀sín wọn, ẹ má dárúkọ mi mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti jẹ ìgbín aláta rí, kó bá mi dákẹ́.

Wọ́n tún ní Faransé kì í wẹ̀, lọ́fínńdà ni wọ́n fi ń bo òórùn. Louis Kẹrìnlá tí wọ́n máa ń fi èyí pa lówe ní odindi yàrá ìwẹ̀ mélòó kan nínú ààfin Versailles. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìwẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ délé. Ilé aṣẹ́wó kan wà ní Paris, Le Chabanais, tí wọ́n ṣí ní 1878, ilé olówó ni. Ta ni oníbàárà wọn pàtàkì? Edward ni o! Àrẹ̀mọ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ Fìkítóríà, ìyá tí wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ kọ́ gbogbo ayé ní ìwà mímọ́! Ó ní ọpọ́n ìwẹ̀ bàbà tirẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ní omi kọ́ ni wọ́n ń bù sí i, ṣáńpéènì ni. Ó tún ní àga kan tí wọ́n dìídì kàn fún un nítorí pé ara rẹ̀ ti wúwo. Ohun tí àga náà wà fún, ẹ má bi mí. Ní 1901 ó gorí ìtẹ́, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin kí Ọlọ́run dá ọba sí, títí dé Èkó níbí. Ọpọ́n bàbà náà, Dalí ayàwòrán ló padà rà á.

Ibi tí inú mi ti bàjẹ́ ni ti ogun. Ẹ ti gbọ́ èyí tí wọ́n máa ń pa: "Ìbọn ọmọ ogun Faransé kan wà fún títà, wọn kò yìn ín rí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣubú." Àwọn ará Amẹ́ríkà ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Láti 1995 tí eré àwòrán Simpsons ti pe àwọn Faransé ní ọ̀bọ tó ń jẹ wàràkàṣì tó sì ń túúbá, ó ti di orin lẹ́nu wọn. Nígbà tó di 2003, Bush, ààrẹ Amẹ́ríkà, fẹ́ lọ jagun ní Iraq, Chirac, ààrẹ Faransé, ní òun kò lọ. Ní February 14, de Villepin, mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè Faransé, dìde níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń wá ohun ìjà kiri parí iṣẹ́ wọn ná. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un níbi tí wọn kì í ti í pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ wo ohun tí àgbàlagbà ṣe. Aṣòfin méjì, Bob Ney àti Walter Jones, ní kí wọ́n pa orúkọ Faransé rẹ́ lára ànàmọ́ òyìnbó díndín nílé oúnjẹ àwọn aṣòfin ní Washington. "French fries" di "freedom fries". Ilé iṣẹ́ aṣojú Faransé dáhùn pé àsìkò tó le nìyí, pé orúkọ tí ẹnì kan ń pe ànàmọ́ kọ́ ló wà lọ́kàn àwọn. Bẹ́ẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ń jà pé àwọn tiẹ̀ ni wọ́n ni ànàmọ́ náà! Ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe mọ́sítáàdì, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ French's, ní láti jáde sọ fáyé pé orúkọ ìdílé ni French o, ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé làwọn. Ẹ̀rù orúkọ ara rẹ̀ ń bà á.

Wọ́n lọ jagun ọ̀hún, wọn kò bá ohun ìjà tí wọ́n torí rẹ̀ lọ. Ní 2006, wọ́n yọ́ orúkọ àtijọ́ padà sára ànàmọ́, láìfọn fèrè, láìlùlù. Ọdún yẹn náà ni Ney jẹ́wọ́ pé òun gba rìbá; nígbà tó di 2007, wọ́n ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù 30. Jones ní tirẹ̀ ronú pìwà dà. Ó kọ lẹ́tà sí ìdílé àwọn ọmọ ogun tó kú, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lẹ́tà, títí ó fi kú ní 2019. Ìyẹn, mo bọ̀wọ̀ fún un.

Lóòótọ́, ní 1940 ogun Jámánì wó Faransé lulẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kò sí ẹni tó ń jiyàn. Ṣùgbọ́n nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun Faransé tó kú tó mílíọ̀nù 1.4, ó ṣòro láti rí abúlé tí wọn kò ti kọ orúkọ òkú sára òkúta. Àbí ta ló fi ọkọ̀ ojú omi dí ọ̀nà mọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Yorktown ní 1781 kí Amẹ́ríkà tó rí òmìnira gbà? Ẹni tó bá ẹ gbé ẹrù rù, o tún ń fi ọrùn rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀!

Èyí tí mi ò lè fi rẹ́rìn-ín rárá nìyí. Lára àwọn tó jà fún Faransé lọ́dún 1940 ni àwọn ọmọ ogun dúdú tí wọ́n ń pè ní tirailleurs sénégalais, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó wà lábẹ́ Faransé ni wọ́n ti ń kó wọn, títí dé Dahomey tí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀. Jámánì ti wọ Paris ní June 14. Ní June 17, Pétain, olórí ìjọba Faransé, ní kí wọ́n dáwọ́ ìjà dúró. Ní June 19 àti 20, àwọn ọmọ dúdú yìí ṣì ń jà ní Chasselay, lẹ́bàá Lyon. Nígbà tí ọta tán nínú ìbọn wọn, àwọn Jámánì ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, wọ́n sì pa wọ́n. Itẹ́ òkú wọn wà níbẹ̀ dòní, ó pupa bí amọ̀ ilé wa. Kí ẹni tó ń ta ìbọn tí wọn kò yìn rí lọ tà á níbẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ń gbèjà Faransé o. Ìwàkiwà wọn ń bẹ, àwọn ẹlẹ́fẹ̀ ló ṣi ibẹ̀ nà. Ẹ gbé etí yín wá.

January 2014: Hollande, ààrẹ tó wà lórí àlééfà, fi akoto borí, ó gun alùpùpù, ó sì wọ ilé kan ní òpópónà Rue du Cirque, ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí ààfin, lọ bá Julie Gayet òṣèré. Magasíìnì Closer gbé àwòrán rẹ̀ jáde, wọ́n ní ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ló ń ru búrẹ́dì wá láàárọ̀. Trierweiler tó ń bá a gbé nínú ààfin gbọ́, ó di èrò ọsibítù. Lóṣù September, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, ìwé náà sì tà bí àkàrà gbígbóná. Ségolène Royal ti bí ọmọ mẹ́rin fún Hollande ṣáájú, Hollande kò gbé e níyàwó. Òun àti Gayet ló wá ṣègbéyàwó ní 2022.

Ti Ààrẹ Mitterrand ló kọjá sísọ. Ogún ọdún, díẹ̀ ló kù, ló fi tọ́ ọmọbìnrin kan ní bòókẹ́lẹ́: wọ́n bí Mazarine ní December 1974, Paris Match gbé àwòrán rẹ̀ jáde ní November 1994. Ilé ìjọba ni ìyá àti ọmọ ń gbé, ẹ̀ṣọ́ ìjọba ló ń ṣọ́ wọn. Wọ́n ní nígbà tí akọ̀ròyìn kan bi í bóyá lóòótọ́ ló ní ọmọ níta, ó ní, "Ó ṣe wá jẹ́?" Ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó méjì kọ́ ló yà mí lẹ́nu. Bàbá mi fẹ́ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìta gbangba ló ti fẹ́ wọn, ó sanwó orí wọn, ìyálé ló gbé ọmọ ìyàwó jó lọ́jọ́ ìkómọ. Ọmọ ààrẹ orílẹ̀-èdè, ogún ọdún láìsí ẹni tó mọ bàbá rẹ̀ níta! Nígbà tí wọ́n ń sin Mitterrand ní Jarnac ní January 1996, ìyàwó ilé àti Anne Pingeot, ìyá ọmọ, jọ dúró síbi sàréè. Ní tòótọ́, wọ́n ṣe é níwọ̀nba, wọn kò já ara wọn ní gèlè.

Bàbá gbogbo wọn ni Félix Faure. Ní February 16, 1899, ààrẹ yìí kú nínú ààfin Élysée, ẹni ọdún 58, obìnrin olóbìnrin ló sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Ní èdè Faransé, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò fún iyè inú ènìyàn àti fún ojúlùmọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n máa ń sọ pé fadá sáré dé láti gbàdúrà fún un, ó ní, "Ṣé ó ṣì wà pẹ̀lú ààrẹ?" Ìránṣẹ́ ní, "Rárá, fadá, ó ti bá àtẹ̀gùn ẹ̀yìn lọ."

Marguerite Steinheil ni obìnrin náà, ìyàwó ayàwòrán kan. Ní 1908, wọ́n bá ọkọ rẹ̀ àti ìyá tó bí òun fúnra rẹ̀ ní òkú nínú ilé. Òun nìkan ló yè, wọ́n sì bá a lórí ibùsùn pẹ̀lú okùn lára. Ìjọba ní òun ló pa wọ́n. Ní 1909, ilé ẹjọ́ dá a sílẹ̀, ó sì kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní Paris. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló lọ. Ní 1917, ó fẹ́ olóyè Gẹ̀ẹ́sì kan, Lord Abinger, àwọn ará ibẹ̀ sì ń tẹrí ba fún un, wọ́n ń pè é ní Lady. Ìlú Hove, létí òkun wọn, ló kú sí ní 1954.