Ẹgbẹ́ Ẹ-Dúpẹ́-Pé-Kò-Jù-Bẹ́ẹ̀-Lọ

Ẹgbẹ́ kan wà nílẹ̀ yìí tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, tí kò ní ilé ìpàdé, síbẹ̀ kò sí àdúgbò tí kò ní ẹ̀ka. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe: bí nǹkan bá ti ṣe yín, wọ́n á sáré dé, wọ́n á ní kí ẹ dúpẹ́. Táyà ọkọ̀ yín bẹ́, ẹ dúpẹ́ pé ẹ ò sí lórí eré. Wọ́n yọ fóònù yín lápò nínú ọjà, ẹ dúpẹ́ pé wọn ò fọ̀bẹ yọ ọ́. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ wọn, àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi gan-an ni wọ́n gbájú mọ́.

Iná ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló ti lọ, bẹ́ẹ̀ Band A ni wọ́n pè wá. Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò tíì kàn: ní April 2024, àjọ tó ń ṣàmójútó iná mànàmáná ní kí owó tí irú wa ń san fò láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 lórí yúníìtì kan, nítorí pé a ó máa rí iná lò fún wákàtí 20 lójúmọ́, ó kéré tán. Owó tuntun yẹn ti dé. Wákàtí ló ṣì wà lọ́nà.

Bàbá tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa, tí mo fura sí pé òun ni alága ẹgbẹ́ náà, gbójú sókè wo wáyà, ó wò mí, ó ní, “Ẹ dúpẹ́ pé tíránsífọ́mà ò jó.” Ó ní àdúgbò kejì ti wà nínú òkùnkùn láti ìgbà Iléyá, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ń dáwó ra tíránsífọ́mà. Ó rán mi létí October 2024, nígbà tí gíríìdì orílẹ̀-èdè yìí dá kú lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ojú rẹ̀ ń tàn bí ẹni tó ń ròyìn ọjọ́ ìgbéyàwó ara rẹ̀. Nígbà tí iná sì dé lóru, òun ló kọ́kọ́ pariwo “Up NEPA!” NEPA ti kú láti 2005. PHCN tó jogún rẹ̀ náà ò pẹ́ láyé: ní 2013, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín iṣẹ́ iná pínpín fún ilé-iṣẹ́ aládàáni 11. Òkú la ṣì ń kí kú iṣẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò ní ìtàn púpọ̀. Iná ti tún lọ, páńpù ò fa omi, mo ra omi lọ́wọ́ oní-táńkà, omi náà pọ́n. Wọ́n ní kí n dúpẹ́ pé kò rùn.

Ti Ọjọ́rú ló dùn. Mo wọkọ̀ láti Ìwó Road lọ sí Challenge n'Íbàdàn níbí, kọ̀ndọ́ ò sì ní ṣéńjì. Ó ki ₦1,000 kan bọ ìyá kan lọ́wọ́, ó ní èmi àti ìyá náà la ni ín, ká jọ bọ́ sílẹ̀, ká lọ yanjú ara wa. Báyìí ni wọ́n ṣe so èmi àti obìnrin tí n kò mọ̀ rí pọ̀, láìsí alága ìdúró, láìsí alága ìjókòó. A jọ ń kiri láti ọ̀dọ̀ alágbàdo dé ọ̀dọ̀ oní-káàdì, gbogbo wọn ní ká kọ́kọ́ rajà ná. Ìyá ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò wù ú, èmi ra gúgúrú tí eyín mi ò fẹ́. (Báńkì Àpapọ̀ gbé kọ́ìnì ₦2 jáde ní 2007 nítorí irú ọjọ́ yìí. Bí ẹ bá pàdé ọ̀kan níbikíbi, ẹ bá mi kí i.) Nígbà tí a fẹ́ túká, ìyá ní, “Bọ̀dá mi, ẹ dúpẹ́. Kọ̀ndọ́ mìíràn ì bá gbé gbogbo ẹ̀ sá lọ.”

Ẹ jẹ́ ká fi aránṣọ mi sílẹ̀. Ó ní ó ku kóun fi ọrùn sí aṣọ mi. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, aṣọ náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí mo fi gbé e wá. Mo wọ ti àtijọ́ lọ òde lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n gbé oúnjẹ kọjá lójú wa títí wọ́n fi ń ká àga. Àwọn ẹgbẹ́ dúpẹ́ bá mi: aránṣọ ò ta aṣọ náà, ebi òde ò sì pààyàn.

Ẹni tó bá fẹ́ bínú sí gbogbo ohun tó ń bíni nínú ní ìlú Ìbàdàn, ẹ̀jẹ̀ ríru ni yóò gbé e lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, n kò sì kórìíra ìtùnú. Ohun tó ń dùn mí ni pé Ọlọ́run kọ́ ló mú iná lọ, Òun kọ́ ló di ṣéńjì mi mú, síbẹ̀ Òun là ń sáré lọ bá. Ẹni tó mú iná lọ kò gbọ́ ẹyọ gbólóhùn kan lẹ́nu wa. Ọpẹ́ ti di rìsíìtì tí à ń já fún onígbèsè tí kò san kọ́bọ̀.

Mo wá rò ó pé bí ẹgbẹ́ náà bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí èmi náà dán ọ̀nà wọn wò lára ẹni tó ń gbowó lọ́wọ́ mi. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, bàbá onílé dé, ó ní owó ilé fẹ́ gbéra díẹ̀. Mo ní, “Bàbá, ẹ dúpẹ́ pé ayálégbé yín ò kẹ́rù sá lóru.” Ó ní àmín. Mo ní, “Ẹ dúpẹ́ pé a ò tíì fẹjọ́ òrùlé tó ń jò sun ẹnikẹ́ni.” Ó ní òun dúpẹ́, òun dúpẹ́ gidi ni, àti pé nítorí irú ayálégbé tó mọ ọpẹ́ dá báyìí lòun ò ṣe sọ owó náà di ìlọ́po méjì bíi ti onílé ẹ̀gbẹ́ wa. Ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó yọ ìwé kan, ó yọ báírò, ó ní kí n fọwọ́ síbi tóun fàlà sí.