Oríkì Ètò, Akáyé-láìwọ-bàtà

Bí wọ́n ṣe ń kí Ọlọ́ta láàfin ni mo ṣe dọ̀bálẹ̀ kí ẹ lẹ́bàá fíríìjì, ìwọ Ètò ìrìn-àjò ilé wa. Ọmọ ojú-ewé méjì tí a ya nínú nóòtù àbígbẹ̀yìn. Akáyé-láìwọ-bàtà! Ó sùn ní Kútọnu láìsanwó òtẹ́ẹ̀lì, ó lúwẹ̀ẹ́ ní Lomé láìtutù, ó jẹ kẹ́ńkè ní Akra, kò kúrò ní Sángò.

Gbogbo wa la ń pe Ìdírókò lójoojúmọ́ níhìn-ín, torí òun ni títì tó gba Ọ̀ta kọjá ń jẹ́. Kọ̀ńdọ́ ń pè é, ọlọ́kadà ń pè é; mélòó nínú wa ló ti dé ìdí ìrókò náà? Ètò nìkan. Nígbà tí ìjọba ti bodè pa lóṣù kẹjọ 2019, tí ti Ìdírókò kò ṣí títí di oṣù kẹrin 2022, ọlọ́jà ń sunkún, onímọ́tò ń sunkún, ìwọ ń kọjá. Alaalẹ́ la ń fi ìka tọ́ ẹ ká tó sùn: Ìdírókò, Igolo, Àjàṣẹ́. Kọ́sítọ́ọ̀mù kan ò dá ẹ dúró. Baba onífàyàwọ́!

Òpùrọ́ ẹlẹ́nu dídùn. O ní ECOWAS ti fọwọ́ sí i láti 1979 pé a lè gbé 90 ọjọ́ ní Bẹ̀nẹ̀, ní Tógò, ní Gánà, láìgba físà. Òótọ́ ni. O ò sọ ti jẹnẹrétọ̀ tó nọ́ọ̀kì lọ́dún tí owó ọkọ̀ pé. O ò sọ pé lìífù mi yóò bọ́ sí oṣù karùn-ún lọ́dún tí àkọ́bí ń ṣe WAEC. Páálí ìrìnnà márùn-ún la gbà ní 2019, ọlọ́dún márùn-ún ni gbogbo wọn. Wọ́n kú ní 2024, òǹtẹ̀ kan ò kàn wọ́n lára.

Aláwọ̀ owó mẹ́ta! Náírà, sẹ́fà, sídì. Iye tí náírà ń pa ni mo ń kọ, tí mo ń fagi lé, tí mo tún ń kọ, títí bírò fi lu ẹ já níbi tí a kọ Lomé sí. Tí ẹ bá yọjú níbẹ̀, ẹ ó rí ara fíríìjì.

Ìwọ lo sọ pálọ̀ mi di ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọdún tí mo kọ ẹ, ńṣe ni àkọ́bí ń nàró kó tó lè kà ẹ́. Nísinsìnyí ó ń bẹ̀rẹ̀, bírò pupa lọ́wọ́. Mo kọ “Odi Elmina, Potogí kọ́ ọ ní 1482”. Ó fa ìlà lé e, ó kọ “ọjà bàtà” sórí rẹ̀.

“Dádì, ṣé ẹ fẹ́ gbé wa lọ gbafẹ́ ni àbí lẹ́sìnnì?”

Ti ọkùnrin ò ju Wi-Fi lọ. Àbígbẹ̀yìn ní òjòlá ilé òrìṣà Ouidah lòun fẹ́ fi kọ́rùn. Ìyá rẹ̀ ní tó bá ti fi kọ́rùn, kó máa gbé lọ́hùn-ún. Ohun kan péré ni wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí: tí a bá ti Bẹ̀nẹ̀ wọ Tógò, aago á padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Wọ́n ní àwọn yóò fi wákàtí náà sùn.

Ní Sátidé tó kọjá, a wọ mọ́tò ní Sángò, a dé Ìdírókò lóòótọ́. A mu mínírà, àwọn ọmọ ya fọ́tò, a sì wà nílé kílẹ̀ tó ṣú. A gbàgbé Ètò sórí fíríìjì.