Okùn Bàbá Ìbejì

Ìyá Bọ̀dé, ẹ fa àga súnmọ́ mi, kí ará òkè má gbọ́. Ṣé ẹ rí páálí tí wọ́n gbé wá fún Bàbá Ìbejì ní Mọ́ńdè? Okùn ni o. Okùn lásán! Ẹ ò ní bi mí iye tó rà á, torí Ìyá Ìbejì ti bú mi lórí ẹ̀.

Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ní Sheffield níbí, odò Wye ní Derbyshire ló sọ di ọ́fíìsì. Tó bá mú ẹja tráòtì tán, á tún dá a padà sómi. Mo ní, kí la wá fẹ́ fi se ọbẹ̀? Ó ní eré ni. Eré! Ìyá Ìbejì tó ń fi owó gọbọi ra pańla ńkọ́?

Kì í tiẹ̀ lo ekòló. Ìyẹ́ ẹyẹ ló ń wé mọ́ ìwọ̀ kó lè jọ ọmọ kòkòrò abẹ́ òkúta odò, nímúfù ni wọ́n ń pè é. Ó wá so ìlẹ̀kẹ̀ tungsten mọ́ ọn lọ́rùn kó lè rì. Ìlẹ̀kẹ̀ tí kò rà fún ìyàwó ẹ̀ rí!

Nímúfù yìí ti dájà sílẹ̀ láàárín àwọn òyìnbó rí o. Àwọn ọmọlẹ́yìn apẹja kan tó ń jẹ́ Halford ní ìjẹ tó léfòó nìkan ló bọ́wọ̀ mu. Skues, lọ́yà kan ní London, ní ẹja ń jẹun lábẹ́ omi náà, ó sì fi ìwé gbè é lẹ́sẹ̀ ní 1910. Ní 1938, àgbà ọkùnrin jókòó ní Flyfishers' Club, wọ́n ń jiyàn lórí oúnjẹ ẹja bí ẹbí tó ń pín ogún.

Níbo ni mo bọ́rọ̀ dé? Ẹ̀n-ẹ́n, okùn. Nọ́ńbà 5 ló kọ́kọ́ rà, èyí tó sanra lórí. Ìjẹ tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ ni irú ẹ̀ wà fún, torí okùn ló máa gbé e lọ jìnnà. Bàbá Ìbejì sì rèé, iwájú ẹsẹ̀ ẹ̀ báyìí ló ti ń pẹja.

Mo bá a lọ ní Sátidé kan. Ẹ má bi mí ohun tí mo lọ wò. Ó na ọ̀pá sókè, okùn náà rọ̀ dẹ̀dẹ̀ láàárín ṣóńṣó ọ̀pá àti omi, bí okùn tí wọ́n sá ṣòkòtò jíǹsì tútù sí. Ìwúwo ẹ̀ ń wọ́ nímúfù padà sọ́dọ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kòkòrò wo ló ń rìn bẹ́ẹ̀ nínú omi tó ń ṣàn? Tí ẹja bá tiẹ̀ bù ú jẹ tó tu ú dànù, okùn tó dẹ̀ kò ní jẹ́ kí baba mọ̀. Mo ní, “Bàbá Ìbejì, okùn yín sanra jù.” Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

Òun náà ló wá ra tín-ín-rín yìí! Mílímítà 0.55, ọgbọọgba láti orí dé ìdí. Wọ́n ní tó bá tún tín-ín-rín ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò ní gbà á níbi ìdíje àgbáyé. Ó ní òun ṣì ń tọ́jú alára ńlá ọjọ́sí, torí ọjọ́ tóun bá fẹ́ ju ìjẹ sọ́nà jíjìn, tín-ín-rín ò lè gbé e.

Níbo ló tọ́jú ẹ̀ sí? Ìyá Ìbejì ti so ó mọ́ fẹ́ǹsì ẹ̀yìnkùlé. Ìró mẹ́ta ló sá sórí ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Baba ò tíì mọ̀ o. Ẹ má ní èmi ni mo sọ.