Ẹni Tó Ra Píksẹ́lì Mílíọ̀nù Mẹ́jọ

Nínú gbogbo ohun èlò tí Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù fi ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì láti inú ilé, kò sí èyí tó ń gbé olówó rẹ̀ níyì lójú àwọn ará ilé tó mọ́nítọ̀ 4K, nítorí pé bí ó bá ti yí fóònù sí i nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò, ìyá tó wà ní Ìbàdàn á gbà pé ọmọ òun ti di ọ̀gá àgbà, kódà bí ó bá jẹ́ pé ìwé owó oṣù àwọn ẹlòmíràn ni ọmọ náà ń tò lórí rẹ̀. Píksẹ́lì ni à ń pe àwọn ẹyọ ìmọ́lẹ̀ wínníwínní tó para pọ̀ di àwòrán lójú ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wọ́pọ̀ ní 1,920 lórí ìbú àti 1,080 lórí òró, nígbà tí mọ́nítọ̀ 4K ní 3,840 àti 2,160, tí àpapọ̀ rẹ̀ sì ju mílíọ̀nù mẹ́jọ lọ, ìlọ́po mẹ́rin gééré ti kọ̀ǹpútà tí a fẹ́ so mọ́ ọn.

Ihò ara kọ̀ǹpútà, níbi tí wáyà àwòrán ti ń jáde, ló sì ń ba ayọ̀ yìí jẹ́. Ihò HDMI 1.4 tó jáde ní 2009 àti ti HDMI 2.0 tó jáde ní 2013 jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ti àkọ́kọ́ kò lè tún àwòrán 4K yà ju ìgbà 30 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti èkejì sì ń yà á nígbà 60, ìdí nìyí tí ọfà máòsì fi ń wọ́ tìkọ̀tìkọ̀ lójú mọ́nítọ̀ olówó ńlá. USB-C tún burú jù, nítorí pé òmíràn ń gbé àwòrán, òmíràn kò mọ̀ ju kó gba iná kó sì gbé fáìlì lọ, ojú lásán kò sì lè dá wọn mọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá wá tò tán, lẹ́tà á kéré débi pé olówó rẹ̀ á lọ sínú ètò kọ̀ǹpútà, á sọ ọ́ di ìdá 200 nínú ọgọ́rùn-ún, á sì padà sí ìwọ̀n àyè tó ti ń lò tẹ́lẹ̀. Kí a má purọ́, lẹ́tà náà mọ́ lójú ju ti àná lọ.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, olówó mọ́nítọ̀ nìkan ni yóò dá ja ìjàkadì yìí lórí ilẹ̀ pálọ̀, pẹ̀lú ìwé ìtọ́nisọ́nà tí wọ́n kọ ní èdè rẹpẹtẹ láìsí Yorùbá níbẹ̀. Ní ọjà Computer Village ní Ìkẹjà, kó tó yọ wáyà tán, ọlọ́jà, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àti ẹnì kan tó kàn wá ra ṣájà á ti dá sí i: "Ọ̀gá, wáyà yín ni," "Rárá o, dráífà ni," "Ẹ pa á ná, kí ẹ tún un tàn." Ẹni ìkẹta yìí, tí kò mọ nǹkan kan, ló sábà máa ń jàre.

Iná ni ìṣòro tilé. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì, mọ́nítọ̀ kò ní, nítorí náà bí àwọn tí a ṣì ń pè ní NEPA bá mú iná lọ, mílíọ̀nù mẹ́jọ á ṣókùnkùn lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo iṣẹ́ tó tẹ́ rẹrẹ lójú rẹ̀ á sì fún pọ̀ sójú kọ̀ǹpútà tó kéré, títí àwọn ọmọdé àdúgbò á fi kígbe "Up NEPA!" Ínfátà kékeré lè gbé mọ́nítọ̀ náà, ṣùgbọ́n iná tó ń ròkè tó ń rodò ló yẹ kí a bẹ̀rù.

Òfin Bìrìtìkó gba ẹni tó ra ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láyè láti yí ọkàn padà láàárín ọjọ́ 14, ṣùgbọ́n rìsíìtì Ìkẹjà sábà máa ń kìlọ̀ pé ọjà tó bá ti jáde kò ní wọlé mọ́. Ìdí rèé tí ẹni tó gbọ́n fi ń gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ dání lọ ra mọ́nítọ̀ tòkúnbọ̀, tó ń ní kí wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́ lójú òun, tó sì ń wò ó bóyá 60 ló hàn nínú ètò kó tó yọ owó. Bí jẹnẹrétọ̀ ọlọ́jà bá sì kú lẹ́nu rẹ̀, á gba àga, á jókòó.