Fíìmù Tó Ń Dúró De Reluwé

Ojú ń ti ẹni tó ṣe ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Akọ̀wé. Okokomaiko ló ń gbé. Bí ẹ bá rí i ní Ìyànà-Ìbà, ẹ má bi í léèrè fíìmù o. Ẹnì kan bi í rí, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni kò fi gba ibẹ̀ kọjá.

Ní 2009, ìjọba Gómìnà Fáṣọlá ní Èkó dáwọ́ lé títì Badagry. Wọ́n fẹ́ fẹ̀ ẹ́ sí ojú ọ̀nà mẹ́wàá, kí reluwé sì gba àárín rẹ̀ wá, láti Marina dé Okokomaiko, kìlómítà 27. 2011 ni wọ́n ní yóò parí. Ní 2010, Akọ̀wé ní òun yóò fi títì náà ṣe fíìmù: bí danfo ṣe ń wẹ ẹrẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ LASU ṣe ń káṣọ sókè fo kòtò. Èrò tó dáa ni. Àmọ́ ó ti mọ ìparí fíìmù kó tó mọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀: reluwé àkọ́kọ́ yóò dé Okokomaiko, èrò yóò pàtẹ́wọ́, ó parí.

Ó kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ jọ. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jiyàn lórí àkọlé. Ìpàdé kan kì í tú láìjẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà, Akọ̀wé ló sì ń sanwó. Wọ́n dìbò, ó já sí mẹ́rin-mẹ́rin. Akọ̀wé tó yẹ kó dá ẹjọ́ náà ní kí wọ́n tún lọ rò ó wò. Nígbà tó yá, ó tẹ T-shirt 50, wọ́n kọ “RELUWÉ DÉ! 2011” sí i láyà.

Kámẹ́rà ò tíì sí nílẹ̀ o.

Ọjà Alábà ló ti rí tòkúnbọ̀ kan rà níkẹyìn, pẹ̀lú hard disk tí yóò máa kó fídíò sí. Ẹni tó ta hard disk fún un ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú méjì. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, èkejì á wà.” Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò fẹ̀tàn gba owó lọ́wọ́ ọmọ Okokomaiko! Ọ̀kan ló mú.

2011 dé, reluwé ò dé. Ìyàwó rẹ̀ ní, “Daddy, ẹ gé èyí tó wà lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ fi han àwọn èèyàn. Tí reluwé bá dé, ẹ ó ṣe apá kejì.” Ó ní fíìmù tí kò ní ìparí kì í ṣe fíìmù. Ẹni tó mọ̀ pé Gómìnà Jákáńdè ti bẹ̀rẹ̀ reluwé Metroline ní 1983, tí ìjọba ológun Buhari sì fagi lé e ní 1985, ló ń sọ̀rọ̀ báyìí!

Lálẹ́ ọjọ́ kan ní 2016, iná lọ, iná dé, iná tún lọ. Hard disk náà ké kẹ́-kẹ́-kẹ́ bí adìyẹ tó fẹ́ yé, ó sì dákẹ́. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà lọ bẹ́ẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, Akọ̀wé ò yéé bú ìjọba pé wọn ò mọ iṣẹ́ í parí. Ìjọba ọ̀hún ti gé tiwọn sí méjì, bí ẹni pé ìyàwó rẹ̀ ló gbà wọ́n nímọ̀ràn. Marina sí Mile 2, kìlómítà 13, ibùdókọ̀ márùn-ún, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Buhari kan náà ló ṣí i ní January 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní September 4 ọdún yẹn. Ó pẹ́ púpọ̀, kò sì dé Okokomaiko. Danfo ló ṣì ń gbé wa dé Mile 2. Ṣùgbọ́n èèyàn ń wọ̀ ọ́. Ta ló ń wo fíìmù Akọ̀wé?

T-shirt nìkan ló kù. Lánàá, ìyàwó Akọ̀wé, ìyàwó mi ni mo fẹ́ sọ, fi ọ̀kan gbé ìkòkò ọbẹ̀ kúrò lórí iná. “RELUWÉ DÉ! 2011” ò tíì ṣí lára rẹ̀.